Bàbá Télọ̀ Ní Kò Dun Òun

Nọ́ọ̀sì dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, ó mú bírò dání. "Bàbá, láti oókan dé ẹẹ́wàá, báwo ni ìrora yín ṣe pọ̀ tó?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi," ni Bàbá wí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì kọ oókan. Ọjọ́ kejì tí wọ́n la àyà Bàbá láti tún ọkàn wọn ṣe nìyẹn. Èmi àkọ́bí jókòó síbẹ̀, mo ń fi wọ́n yangàn pé télọ̀ tiwa kì í ṣe ojo.

Èmi gan-an ni mo fa ohun tó padà ṣẹlẹ̀ sí wọn. Kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun pè wá.

"Abẹ́rẹ́ kan wà," ó ní, "tí a máa ń gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn iṣan tó ń gbé ìrora àyà lọ sí ọpọlọ. Àyà á kú tipiri fún bí ọjọ́ kan. Bàbá á lè mí kanlẹ̀, wọ́n á lè wúkọ́."

"Kú tipiri kẹ̀? Tó bá dé ọwọ́ ńkọ́? Ọwọ́ yẹn la fi jẹun dàgbà o!"

"Kò ní dé ọwọ́, àǹtí. Ó sì máa ń lọ fúnra rẹ̀."

"A ò ṣe!"

Bàbá ní ohun tọ́mọ àwọn bá sọ labẹ gé.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Bàbá ò wúkọ́ rárá. Ọpẹ́ ni mò ń dá, àṣé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń kún ẹ̀dọ̀fóró wọn. Lọ́jọ́ karùn-ún, ibà dé. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gbìyànjú láti wúkọ́, omi sì bọ́ lójú Bàbá. N ò rí i rí.

"Ó ti ń dùn mí láti ọjọ́ yìí," wọ́n ní. "Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń mí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé a dúpẹ́?"

"Ṣé kí n máa ké lé ọmọ ọlọ́mọ lórí ni? Ìwọ náà sì ń yìn mí."

Dókítà ní ká ní àwọn mọ̀ ni, oògùn ìrora mìíràn wà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Bàbá yè é, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró wọn ò padà sípò. Tí wọ́n bá wa ẹ̀rọ ìránṣọ fúngbà díẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn ò bú mi rí, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá fẹ́ la àyà ènìyàn yín, ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ yìí. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ló bá mu, dókítà ló máa sọ. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ bi wọ́n léèrè dáadáa kẹ́ ẹ tó kọ̀ ọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá sì béèrè ìrora, kì í ṣe pé ó ń kí yín. Ẹ sọ òótọ́ fún un.