Pòròpórò Tí Mo Fi Wọn Ère

Láàárọ̀, ère náà wọ inú àpótí tí mo kàn fún un. Nígbà tí a jẹun ọ̀sán tán tí a fẹ́ dé e, orí rẹ̀ ti yọ síta ní ìwọ̀n ìka kan.

Mo rò pé èmi ni mo ṣì í wọ̀n. Iṣẹ́ mi ni láti máa kan àpótí ní ilé ọnà kan ní àdúgbò Paspanga. Ère obìnrin ni, igi dúdú, ó ti wà níbẹ̀ kí n tó débẹ̀. Wọ́n ti tà á. Madame Aminata, ọ̀gá wa, ti ṣàlàyé fún wa pé ilé ọnà kì í fi owó ohun tó bá tà jẹun, kì í fi san owó iná. Ohun ọnà mìíràn ni wọ́n ń fi í rà, kí àyè rẹ̀ má baà ṣófo.

Kíláàsì kẹta ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Kíka nọ́ńbà orí mítà kì í yá mi lọ́wọ́, pòròpórò ọkà bàbà ni mo fi ń wọn nǹkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń wọn òkú ní mọ́sálásí wa ní Hamdalaye kí a tó gbẹ́ sàréè. A kì í mú pòròpórò òkú bọ̀ wálé, inú sàréè la ń fi í sí. Èyí tí a bá sì fi wọn alààyè, ojú ẹsẹ̀ la máa ń ṣẹ́ ẹ dànù. Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi ọ̀kan wọn Hafeezah, ọmọbìnrin mi, nítorí bẹ́ẹ̀dì tí mo fẹ́ kàn fún un. Mo fi ọ̀bẹ sàmì síbi tí orí rẹ̀ dé. Pòròpórò náà gún régé, ó dùn mí láti ṣẹ́ ẹ. Òun ni mo mú lọ síbi iṣẹ́, òun ni mo sì fi wọn ère.

Mo kan àpótí kejì. Lọ́jọ́ kejì, orí tún yọ ní ìka kan. Victorin, ọmọ Porto-Novo tó jẹ́ olórí àwa òṣìṣẹ́, rẹ́rìn-ín títí.

"Bàbá Hafeezah, ṣé ẹ̀ ń fún un lóúnjẹ ni?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́wọ́ lé orí ère náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn wọlé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ṣàkírátù ìyàwó mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ọmọ má baà gbọ́.

"Aṣọ ilé kéú ọmọ yìí ti ń wọ́ nílẹ̀."

Mo ní bóyá aṣọ ló fẹ̀ sí i. Ó ní òun fúnra òun lòun rán an, ọrùn ẹsẹ̀ ló dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Hafeezah ń kọjá lọ ní àgbàlá, ó fi ọwọ́ òsì gbé etí aṣọ náà sókè. Mo pè é, mo gbé pòròpórò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ fi ìka méjì dín sí àmì.

Ìka méjì ni ère náà fi ga sí i.

Mi ò sùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo bẹ Madame Aminata pé kí wọ́n má jẹ́ kí ère náà lọ. Mi ò lè sọ ìdí rẹ̀. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn pé wọ́n ti fi owó rẹ̀ san ti òmíràn. Ó ní ère ọmọbìnrin kékeré kan ni, pé màá fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ni kámíọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ wá gbé e lọ sí ibùdó ẹrù ní Kossodo. Mo wá ronú bí a ti ń ronú ní itẹ́ òkú: ẹni tó ń lọ ló ni pòròpórò rẹ̀. Mo tẹ́ ère náà sínú àpótí kẹta, mo fi pòròpórò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo dé e, mo kàn án níṣòó.

Láti ọjọ́ náà, aṣọ Hafeezah kò wọ́lẹ̀ ju bó ṣe ń wọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní barka, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé àmì ọmọ mi wà lára ohun tí mo kàn pa mọ́ yẹn. Oṣù méjì kọjá. Ọmọ náà kò kúrú mọ́, kò sì ga.

Láàárọ̀ òní ni ère ọmọbìnrin tí wọ́n rà dé. Èmi ni mo ṣí àpótí rẹ̀. Òórùn igi tútù bò mí nímú. Mo tọwọ́ bọ àárín koríko, ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà ni pòròpórò. Mo sọ fún ara mi pé pòròpórò pọ̀ láyé. Mo fa á jáde, mo rí àmì ọ̀bẹ mi.

Èmi àti Victorin gbé ère náà dúró. Mo gbé pòròpórò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí ère náà fi ìka méjì dín sí àmì. Agbẹ́gilére ti gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀ bíi ti ẹni tó ń gbé etí aṣọ sókè, kó má baà wọ́ nílẹ̀.

Victorin ti jẹun nílé wa rí, ó mọ ojú Hafeezah. Ó wo ojú ère náà pẹ́, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

"Bàbá Hafeezah," ó ní, "ẹ máa lọ sílé."

Mi ò mọ bí mo ṣe gun alùpùpù dé Hamdalaye. Ṣàkírátù ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi í pé ọmọ dà.

"Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó ní ara òun wúwo. Àtàárọ̀ ló ti nà gbalaja, kò tilẹ̀ yíra padà."

Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá, mo di kọ́tìnì rẹ̀ mú, mi ò lè ṣí i. Oṣù méjì ni mo ti kan bẹ́ẹ̀dì yẹn, pákó rẹ̀ ti gbẹ tipẹ́. Òórùn igi tútù ló ń ti inú yàrá náà jáde.