Aṣọ Ara Ìkọ́

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́ o. Aránṣọ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà wà níbẹ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, aránṣọ bá aṣọ búlúù kan lára ìkọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní òun lòun gbé e síbẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ wò. Ó bá a mu régí, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò wọn ara rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn, ló bá wọ̀ ọ́ jáde, ó ń yan fanda káàkiri àdúgbò.

Aṣọ òmíràn dé. Òmíràn tún dé. Ó wá ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bó bá ń lọ sílé. Bó bá dúró, ẹsẹ̀ náà á dúró. Bó bá bojú wẹ̀yìn, títì á dá páropáro. Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lọ́fun mọ́, ó rù. Aṣọ tó tún dé, ara tó rù yẹn gan-an ló bá mu.

Kò sọ fẹ́nì kan. Kí ló fẹ́ wí? Ṣebí òun náà ló wọ̀ ọ́? Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Olóhùn-Gooro, wá kí i tó rí eegun ọrùn rẹ̀. Aránṣọ bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́.

"O wọ̀ ọ́?" Olóhùn-Gooro pariwo. "Aṣọ ẹni tóò mọ̀ rí? Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́!"

"Ẹ má bínú."

"O tún wá dákẹ́! Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Tìbínú-tìbínú ló fi ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ó kó àwọn aṣọ náà sínú àpò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ó fa àbúrò rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ta àwọn aládùúgbò lólobó. Ó pààrọ̀ àgádágodo. Ó ní àbúrò òun ò gbọdọ̀ dá rìn mọ́, kò sì gbọdọ̀ máa gba ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ náà dákẹ́. Aránṣọ tún ń jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Olóhùn-Gooro wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn. Kò kí èèyàn. Ó ṣí ìborùn tó fi bo ara. Aṣọ búlúù ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Inú yàrá mi ni mo ti bá a," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sétí lọ. "Lára ìkọ́. Bẹ́ẹ̀ mo ti ti ilẹ̀kùn pa."

Aránṣọ fọwọ́ kan apá òsì aṣọ náà. Apá òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣẹ́ nígbà èwe, ó kúrú díẹ̀ ju ọ̀tún lọ. Aránṣọ nìkan ló máa ń rántí gé apá aṣọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rán èyí náà rántí.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wọ̀ ọ́?"

"Mo kàn ní kí n wọ̀ ọ́ wò ni." Olóhùn-Gooro ń wolẹ̀. "Ó bá mi mu ju èyí tí ò ń rán fún mi lọ. Mo ti dé ọjà kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ojú ń tì mí, àbúrò mi. Èmi tí mo bú ẹ."

Aránṣọ dì í mú. "Ẹ̀bi yín kọ́," ó ní. Láti ọjọ́ yìí wá, ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń retí nìyẹn, ẹnì kankan ò sì sọ ọ́ fún un. "Ẹ bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ fún ọlọ́pàá."

Wọ́n jáde, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ẹsẹ̀ kan fi ń dún lẹ́yìn wọn. Wọ́n dúró, wọ́n bojú wẹ̀yìn. Kò séèyàn kankan ní títì.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ náà ò dúró.