Aṣọ Búlúù Tẹ́nìkan Ò Wá Gbà

Télọ̀ kú lórí ìjókòó. Kò ṣàìsàn, kò ṣubú, kò pariwo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ irin máṣíìnì mọ́lẹ̀, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ búlúù kan tí kò tíì rán tán sì há sábẹ́ abẹ́rẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n já mọ́ èèyàn lẹ́nu. Àsomọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló kọ́kọ́ bá a níbẹ̀ láàárọ̀. Ó kí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rò pé ọrùn aṣọ ló ń rò, torí bàbá náà kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn tó bá ti dé ibi ọrùn. Ìgbà tó kí i lẹ́ẹ̀kẹrin ló tó fọwọ́ kàn án. Ó ti tutù.

Dókítà ní ọkàn ló daṣẹ́ sílẹ̀. Àdúgbò ní kí dókítà lọ jókòó.

"Ọkàn wo?" Bàbá Kékeré bi gbogbo ilé. Àbúrò olóògbé ni, kápẹ́ńtà ni, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn rẹ̀ lọ. "Ọkàn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, tí kò gba ìsinmi rí, ṣé òun ló kàn máa jí lọ́jọ́ kan tó máa ní ó ti tó? Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Tiwa tún wá yàtọ̀: láti ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń ké, ẹnu ò tíì ro ó."

Kò dárúkọ. Kò sídìí tó fi máa dárúkọ. Gbogbo ọrùn ló yí sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Màmá Ẹlẹ́yẹlé ti ń da ọkà sílẹ̀ fún àwọn ẹyẹ rẹ̀, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí onílé ṣe ń bá ayálégbé sọ̀rọ̀. "Ìwọ, o ti jẹ tìrẹ. Sún fún ẹnìkejì ẹ."

Màmá Ẹlẹ́yẹlé ni ẹ̀gbọ́n Télọ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ẹyẹlé mọ́kànlá ló kó dání nígbà tó padà sílé bàbá rẹ̀. Lójú àdúgbò, téèyàn bá ro nǹkan mẹ́ta yìí pọ̀, àjẹ́ ni èsì rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀ gan-an rèé. Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, àkọ́bí Télọ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì, jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi bọ́tìnnì ṣeré. Bàbá rẹ̀ tẹrí ba láti ran ojú bọ́tìnnì kan. Nígbà tó máa fi gbórí sókè, bọ́tìnnì wà nílẹ̀, ọmọ ò sí. Ọlọ́pàá dé, wọ́n kọ ojú ìwé mẹ́ta, wọ́n béèrè iye ẹyẹlé. Bàbá Kékeré gbé òòlù, ó fọ́ ilé ẹyẹlé wò bóyá ó máa rí egungun. Ẹyin méjì ló rí. Ó ní ẹ̀rí ni. Ó fà wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, bí ẹ̀rí ṣe lọ nìyẹn, tẹ́nìkan ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà ni ilé ò ti jẹ́ ilé. Nígbà tí Ìyá, aya Télọ̀, bí ọmọ kejì, àjákù aṣọ ló fi so ó mọ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì títí ó fi pé ọdún méje. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Àsomọ́. Ó ti pé mẹ́rìndínlógún báyìí, síbẹ̀ tó bá wọ balùwẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa kọrin kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò dáa. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ìyá àti Màmá Ẹlẹ́yẹlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbà kọjá, wọn kì í kí ara wọn. Àgádágodo ni Ìyá fi ti ìdérí ìkòkò omi rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Kékeré lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ la fún yín. Ẹ kó àwọn ẹyẹ yín."

"Àwọn ẹyẹ nìkan ni, àbí tèmi tàwọn?"

"Ẹ jẹ́ ká pa àwàdà tì."

"Ta ló ń ṣàwàdà? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ títí tó o fi ń tọ̀ sí mi lẹ́yìn, ìwọ lo wá ń dá ọjọ́ fún mi."

Ìyá yọrí láti yàrá tirẹ̀. "Tẹ́ ò bá mọ nǹkan kan nípa ọmọ mi, ẹ búra."

"Ìyàwó, mo búra lọ́dún kìíní. O ní kí n tún un ṣe lọ́dún kejì, mo tún un ṣe. Ahọ́n mi ti bó."

"Ẹ ti jẹ ọmọ mi. Ẹ ti jẹ ọkọ mi." Ìyá gbá ọwọ́ Àsomọ́ mú, ó fún un pinpin. "Èyí ló kù. Ẹ ò ní jẹ èyí."

Màmá Ẹlẹ́yẹlé wo ọmọ náà, ó bu ọkà sọ́wọ́, ó sì lọ bá àwọn ẹyẹ rẹ̀.

Àsomọ́ ò mọ èyí tí ì bá gbà gbọ́. Ohun kan ṣáà dá a lójú: ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, kí oòrùn tó mú, obìnrin náà máa ń gbé apẹ̀rẹ̀ tó fi aṣọ bò, ó sì máa ń jáde láìsọ ibi tó ń lọ. Ìyá ní ibẹ̀ ni àwọn àjẹ́ ti ń ṣèpàdé wọn. Bí wọ́n bá máa lé arúgbó síta ní Sátidé, Àsomọ́ fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìpàdé náà kọ́kọ́.

Àmọ́ báwo ni ẹni tí wọ́n fi orin ṣọ́ ṣe ń jáde nílé? Ó gba orin ara rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù, ó gbé fóònù sójú fèrèsé balùwẹ̀ kó máa kọ ọ́ lọ, ó sì yọ́ gba ẹ̀yìn jáde.

Màmá Ẹlẹ́yẹlé ń lọ níwájú, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kọjá ilé búrẹ́dì, ó kọjá ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò kí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì kí i. Ẹyẹlé kan ń fò láti òrùlé sí òrùlé, ó ń tẹ̀ lé e.  Àsomọ́ ń ka ìgbésẹ̀. Obìnrin náà yà sí ọ̀tún, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó sì wọlé.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni.

Àsomọ́ sá mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó rò lọ́kàn pé obìnrin yìí ti jẹ àwọn ọlọ́pàá pẹ̀lú nìyẹn. Ó rí i tó ṣí apẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀rí ló mú jáde. Ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, torí bẹ́ǹṣì àgọ́ ọlọ́pàá kì í ṣàánú ìdí àgbà, ó sì jókòó lé e.

"Màmá, ẹ ti dé," Sájẹ́ńtì kan tó ti ń hewú sọ láìgbójú sókè.

"Mo ti dé. Ṣé ẹ ti rí i?"

"A ò tíì rí i."

"Ẹ wo fáìlì."

"Mo wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹ tún un wò."

Sájẹ́ńtì dìde, ó mú fáìlì kan wá, ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó ka ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, ó sì pa á dé. "Kò sóhun tuntun."

"Ó dáa. Títí di Mọ́ńdè nìyẹn." Ó sinmi ẹsẹ̀ díẹ̀, ó ká ìrọ̀rí rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí Àsomọ́ wọlé, kò mọ ohun tó fẹ́ béèrè. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ọmọ Télọ̀ ni mí. Láti ìgbà wo ló ti ń wá?"

"Mo bá a níbí ni. Ẹni tó gbéṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ náà, ó bá a níbí." Sájẹ́ńtì wò ó dáadáa. "Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá yín. Nínú ilé yín, obìnrin yìí nìkan la máa ń rí. Àti bàbá rẹ, tó wá lẹ́ẹ̀kan péré, ọdún méjìlá sẹ́yìn."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó ní ká pa fáìlì dé. Ó ní ká má wá ọmọ náà mọ́. Mo ní ṣé ẹ ti rí i ni? Ńṣe ló ń wo bàtà rẹ̀. Ká ní Màmá ò máa wá ni, à bá ti pa á dé lóòótọ́."

Nígbà tó délé, Ìyá dúró sẹ́nu balùwẹ̀, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"O ti kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mọ́kànlá," Ìyá wí. "Mo rò pé orí rẹ ti dàrú." Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ gbá a létí, ọwọ́ náà ò sọ̀kalẹ̀.

Àsomọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbi tó dúró sí.

"Irọ́ ni. Bàbá rẹ? Bàbá rẹ sunkún ọmọ náà títí ojú rẹ̀ fi wú."

"Fún ọdún mélòó, Ìyá?"

Ìyá fi ìka kà á.  "Ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn náà ó kàn dákẹ́. Mo ní agbára ọkùnrin ni."

Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo oníbàárà ló ti wá gba aṣọ wọn, èyí tó parí àti èyí tí kò parí. Aṣọ búlúù yẹn nìkan lẹ́nìkan ò wá gbà. Àsomọ́ ṣí ìwé ìwọ̀n. Ìyá ò mọ̀wé, kò ṣí i rí. Télọ̀ kì í kọ ìwọ̀n láìkọ orúkọ, àmọ́ lójú ìwé tó gbẹ̀yìn, ìlà méjìlá wà níbẹ̀ láìsí orúkọ kankan. Ìlà kìíní, àyà mẹ́tàlélógún. Ìlà kejì, mẹ́rìnlélógún. Ó ń lọ sókè bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tó gbẹ̀yìn, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìwọ̀n aṣọ búlúù náà gẹ́lẹ́.

"Ìyá, oníbàárà wo ló ń dàgbà lọ́dọọdún bí ọmọdé?"

Ìwé pélébé méjìlá ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ há ojú ìwé náà. Ìkọ̀wé ẹlòmíràn ni. Bàbá rẹ̀ sì ti fa ìlà sábẹ́ gbogbo ìwọ̀n inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Àsomọ́ tẹjú mọ́, torí ó mọ ohun tí ìlà yẹn jẹ́. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Áyọ́ọ̀nù ti jó ínǹṣì kìíní lẹ́nu téèpù bàbá náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Dípò kó ra òmíràn, ńṣe ló ń gé ti ọmọ iṣẹ́ tó bá gboyè lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà gbàgbé ọ̀gá. Ìwọ̀n tí wọ́n bá fi irú téèpù bẹ́ẹ̀ mú máa ń fi ínǹṣì kan lé. Ó ń fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ kó lè rántí yọ ọ́. Èyí tí àwọn èèyàn bá kọ ránṣẹ́ láti òde kì í nílà, torí téèpù tiwọn pé.

Ìwé méjìlá yìí, láti òde ni wọ́n ti wá. Wọ́n sì nílà.

"Èèyàn mélòó ló gboyè lọ́wọ́ bàbá mi?"

"Méjì. Ọ̀kan ti kú kí n tó bí ọ."

"Ìkejì ńkọ́?"

 Ilẹ̀ ni Ìyá jókòó sí, láàárín àjákù aṣọ.

Ìkejì ni àbúrò Ìyá, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Ọ̀nà-Jíjìn. Ọ̀sẹ̀ tí ọmọ sọnù gan-an ló kẹ́rù. Ó ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ bíbí láti ọdún márùn-ún nígbà náà, kò rí. Ó ní òun ò lè bá àjẹ́ gbé. Òun ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ ilé ẹyẹlé wò. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pé òun ti bí obìnrin lọ́hùn-ún. Ọdọọdún ni Ìyá máa ń pè é lórí fóònù, ọdọọdún ló ń kìlọ̀ fún un: àbúrò mi, má mú ọmọ yẹn wálé o, ẹni tó ń jẹ ọmọ wà nínú ilé yìí.

Ìyá gba fóònù, ó tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú."

"O ṣeun. Aṣọ búlúù ku apá kan," Ìyá wí. "Ta ni kí n fi ránṣẹ́ sí?"

 Wọ́n gbọ́ kẹ̀kẹ́ kan tó kọjá lọ́hùn-ún, wọ́n gbọ́ ìlẹ̀kùn tí wọ́n rọra tì.

"Bọ̀ọ̀dá, ọkọ yín, wá ra òwú níbí," Àǹtí bẹ̀rẹ̀, "nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méje. Ó dá a mọ̀. Ó fẹ́ gbá a mú, ọmọ náà figbe ta, ó sá sábẹ́ aṣọ mi, ó ń pè mí ní ìyá. Mo kúnlẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá láàárín títì. Ó ní òun ò lè já ọmọ gbà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń pè ní ìyá. Ó ní kí n ṣáà máa fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́."

"Màmá Ẹlẹ́yẹlé ńkọ́?" Àsomọ́ sọ ọ́ sínú fóònù kó tó mọ̀ pé òun ló sọ ọ́. "Kí ni bàbá mi ní kẹ́ ẹ ṣe nípa tiwọn?"

"A ò sọ̀rọ̀ débẹ̀," Àǹtí dáhùn.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, Sájẹ́ńtì ò sì jẹ́ kí Mọ́ńdè mìíràn pé. Nígbà tí Sátidé dé, Àǹtí ti wà lágọ̀ọ́ lọ́hùn-ún, ó ń ṣàlàyé. Bàbá Kékeré, tó ti pa ọ̀rọ̀ ilé-lílé mọ́ fún ọjọ́ náà, òòlù ló gbé dípò rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń kan ilé ẹyẹlé tuntun tẹ́nìkan ò rán an, ó sì kàn án tóbi débi pé tọkọtaya lè yá a gbé.

Mọ́tò dúró níta. Ọmọbìnrin gíga kan bọ́ sílẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Iwájú orí Télọ̀ ló gbé wá. Ìyá dìde.

"Ṣé obìnrin ẹlẹ́yẹ yẹn wà nínú ilé?" ọmọ náà béèrè.

"Wọ́n ti ṣàlàyé fún ọ," Sájẹ́ńtì sọ lẹ́yìn rẹ̀. "Kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

"Mo gbọ́ àlàyé, sà. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé tí n bá débí, á jẹ mí." Ó yíjú sí mọ́tò. Wọn ò tíì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Gbogbo ọrùn tún yí sí ibì kan náà tí wọ́n ti ń yí sí láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Bàbá Kékeré họ orí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀yìnkùlé díẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, kí ara ọmọ balẹ̀."

Màmá Ẹlẹ́yẹlé ò jiyàn. Ó ti gbé ìdí kúrò lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà.

"Ẹ jókòó," Ìyá wí.

Ọwọ́ rẹ̀ ti wà léjìká obìnrin náà. Àsomọ́ ò rí i kí ìyá òun fọwọ́ kan ẹni yẹn rí.

"Ọmọ mi," Ìyá sọ sí ẹnu ọ̀nà, "ẹni tó ń wá ọ ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè rèé. Ilé ni èmi jókòó sí, tí mò ń bú u. Tí ẹnìkan bá wà tó yẹ kó o bẹ̀rù nínú ilé yìí, èmi ni. Tó o bá fẹ́ padà, padà. Mi ò ní lé e síta nítorí ẹ mọ́."

Mọ́tò ń kùn níta. 

Màmá Ẹlẹ́yẹlé ò gbójú sókè. Ó kàn sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè ẹnìkan sílẹ̀.

Ó pẹ́ gan-an kí ọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, tó sì tẹ ẹsẹ̀ náà sínú ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì di férémù ìlẹ̀kùn mú.