Ẹni Tí Wọn Kò Pè Lórí Afárá

Iná mọ̀nàmọ́ná dé, gbogbo abúlé ń yọ̀, àfi gílóòbù yàrá Sẹ̀gilọlá tó ń kán omi. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ni o, páànù òrùlé gbẹ. Ó fi ìka kan omi náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ẹrẹ̀ odò ló ń rùn.

Ta ni kò mọ̀ pé kò fẹ́ iná yìí? Nígbà tí Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀, tí ìjọba ní àwọn yóò sé odò kí iná lè wà, tí omi yóò sì bo abúlé wọn àtijọ́, òun ló kọ̀ kẹ́yìn. “Bàbá mi wà nínú ilẹ̀ yẹn. N kò ní í fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹja.”

Lawrence àbúrò rẹ̀ ló ti Èkó wá bẹ̀ ẹ́, pé àwọn yóò hú egungun Bàbá, àwọn yóò gbé e wá sí abúlé tuntun tó wà lọ́nà Ìkẹ́rẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀: bí ọkọ̀ bá dé orí afárá, kí ó dúró, kí ó pe Bàbá lórúkọ. Òkú kì í dá sọdá omi. Bí alààyè kò bá pè é, etí odò ni yóò jókòó sí.

Lawrence ti wá bá wọn yọ̀ nítorí iná náà. Sẹ̀gilọlá ránṣẹ́ pè é wọ yàrá, ó ní kó wo gílóòbù lókè. “Ṣé o pe Bàbá?”

Lawrence wolẹ̀. “Ọkọ̀ kan náà la fi kó egungun gbogbo ará abúlé, ẹ̀gbọ́n mi. Pásítọ̀ wà níwájú. Ojú tì mí.”

“Egungun lásán lo gbé wá fún mi nìyẹn.”

Lọ́sàn-án gangan, Sẹ̀gilọlá lọ sétí omi. Orí igi máńgòrò wọn nìkan ló yọ síta. “Fọláhàn ọmọ Akínyẹmí, bàbá mi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká relé.”

Ó yíjú padà. Ẹni tó bá pe òkú kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn títí wọn yóò fi wọlé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tútù lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ikọ́ Bàbá, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

“A ti dé afárá o, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká sọdá.”

Afárá náà mì tìtì. Bàbá kò sì sanra láyé rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí pákó, wọn kò tán. Ìgbà náà ló wá yé e: Pásítọ̀ kan náà ló jókòó níwájú gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó pe òkú tirẹ̀.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ikọ́ Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wọlé. Àwọn yòókù dúró. Ohùn ọmọ kékeré kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀:

“Ìyá, ṣé ulé á gbà wá?”

Yàrá kan ṣoṣo ni Sẹ̀gilọlá ní.