Ọ̀dà Tó Bó Lára Ilẹ̀kùn

Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ti bá òkú ọkùnrin náà. Ó dorí kodò lórí síárìn ọkọ̀ àtijọ́ kan tí bàbá ìyàwó rẹ̀ kẹ́ bí ọmọ. Imú ọkọ̀ ti wọnú ògiri.

Bíréèkì ló kọ̀. Mekáníìkì tó tún un ṣe lánàá ni wọ́n sì sáré tì mọ́lé. Bí ẹ̀rí mìíràn ò bá jáde, ẹ̀sùn ìpànìyàn ti já lé e lórí nìyẹn.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ obìnrin kan ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún. Má-kánjú làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó tẹ pẹdà bíréèkì. Ó wọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó wo agolo ọ́ìlì bíréèkì: gbígbẹ táútáú. Bẹ́ẹ̀ páìpù ò já, kò sì síbi tó ń jò. Nóọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń tú ọ́ìlì náà sílẹ̀ nìkan ni ojú sípánà tuntun wà lára rẹ̀.

Ó lọ bá mekáníìkì ní àhámọ́.

"Ìwọ lo tú nóọ̀tì yẹn?"

"Ọ̀gá mi, èmi ni. Mo da ògbólógbòó ọ́ìlì nù, mo rọ tuntun kún un. Bàbá fúnra wọn wà á yípo ọgbà lójú mi, ó ń dúró gbọnin! Ẹ wò ó, mo tiẹ̀ fi àkísà tẹ́ ara ọkọ̀ wọn, torí ọ́ìlì yẹn burú. Bó bá kan ọ̀dà, bíbó ló máa bó."

Hùn. Ta ló wọ àhámọ́ tí kò ní àwíjàre? Má-kánjú forí lé ilé bàbá.

Ilẹ̀kùn yàrá irinṣẹ́ ń dán, ọ̀dà búlúù tuntun. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i, ọ̀dà ti bó ní ojú ìka mẹ́rin.

"Ta ló kun ilẹ̀kùn yìí?"

"Ọkọ mi ni," ìyàwó olóògbé dáhùn, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. "Nírọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn tí mekáníìkì ti lọ."

"Ṣé mekáníìkì padà wá?"

"Rárá. Èmi, ọkọ mi àti bàbá mi nìkan la sùn nílé."

Ọ̀rọ̀ bọ́ lọ́rùn mekáníìkì. Ó wá ku bàbá. Bàbá tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, òun náà ló nà án sí àna rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ta ni kò ní fura?

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ gbọ́wọ́ yín lé ojú yìí."

Ọwọ́ gbàǹgbà! Ìka bàbá kan ṣoṣo bo ojú ìka méjì. Má-kánjú gbé tirẹ̀ lé e. Ó ṣe rẹ́gí.

"Ọwọ́ obìnrin ni," ó wí, ó sì yíjú sí ọmọ bàbá, ìyàwó olóògbé.

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún.

"Mi ò fẹ́ pa á o! Bàbá mi ni mo fẹ́ dá dúró. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́sí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbá ọmọ ọlọ́mọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí lálẹ́ àná, wọ́n ní mo fẹ́ sọ àwọn di aláìlágbára. Àwọn náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú ọ́ìlì yẹn. Àwọn ló kọ́ mi pé kí n tẹ bíréèkì wò kí n tó kúrò lójú kan, wọn kì í sì í gbàgbé ẹ̀ láé. Mo ní bí pẹdà bá ti wọlẹ̀, wọ́n á fi ọkọ̀ sílẹ̀. Mo wà nílé ìwẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Mo rò pé àwọn ni. Ọkọ mi ò mọ̀ pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ wò... Yéè, mo gbé!"

Bàbá fara ti ògiri, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "mo ro ọ̀rọ̀ rẹ mọ́jú. Mo rí i pé òótọ́ lo sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fún ọkọ rẹ ní kọ́kọ́rọ́, mo ní kó gbà á, kó máa wà á, èmi ò wakọ̀ mọ́."