Ayé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Ti Ń Kí Ni

Má tíì fi ìwé yìí di àkàrà, jọ̀wọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Mákánjúọlá fún ọ.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, àdúgbò Gadumo ní Lokoja níbí ló ń gbé, nígbà tí ìlú yìí ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara. Ọtí ló bà á jẹ́. Ọtí náà ló lé Sarah ìyàwó ẹ̀ àti Bridget ọmọ wọn lọ sí Ìyàrà. Látìgbà yẹn, tó o bá kí i pé "òkun o", kò ní dáhùn. Àwa tá a wá láti ìhà Ìyàrà yẹn, òkun la fi ń kíra wa; a mọ̀ pé ẹni tí ò bá jẹ́ òkun, ó ti yọ ara ẹ̀ kúrò láàárín èèyàn nìyẹn.

Ó wá gbọ́ lórí rédíò pé ó ṣeé ṣe káyé mìíràn wà lọ́dọ̀ àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà. Háà! Ó di àròsọ ẹ̀. Martha tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀ ló máa ń rò ó fún.

"Ibẹ̀ ni mò ń lọ, Martha. Oòrùn ibẹ̀ pupa bí ẹyin iná, ojú kan ló dúró sí, kì í wọ̀. Apá kan gbóná débi pé òkúta ń yọ́ bí òrí. Apá kejì ò rí ìmọ́lẹ̀ rí, omi ibẹ̀ ti di yìnyín. Àárín méjèèjì ni màá kọ́lé sí, níbi tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ títí. Atẹ́gùn nìkan lá máa pariwo."

Martha rẹ́rìn-ín. "Bàbá Bridget, ta lá máa gbé ọtí débẹ̀ fún yín?"

"Kúrò níbẹ̀ jàre!"

"Èmi á kúrò. Jésù ò ní kúrò o."

Nígbà ọyẹ́, ibà dá a dùbúlẹ̀. Ara ẹ̀ á gbóná bí ààrò. Tó bá yá, òtútù á mú un, eyín á máa lu ara wọn. Ohùn ẹ̀ lọ. Ọ̀sán gangan, ó ń gbọ́ àwọn aládùúgbò lábẹ́ fèrèsé: "Òkun o!" "Òkun, ilé ńkọ́?" Kò sẹ́ni tó pè é. Ṣebí òun náà ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Ó la ẹnu kóun náà kí wọn, èémí lásán ló jáde. Ẹ̀rù bà á. Ó mọ̀ pé òun lè kú síbẹ̀ kó jẹ́ òórùn ló máa sọ fáráyé.

Martha ò rí i kó jáde, ló bá ti ilẹ̀kùn wọlé.

"Martha," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "mo ti dé ayé yẹn. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Martha jókòó tì í. "Bó ti wù kó jìnnà tó, Jésù rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí yín. Ọ̀run ló ti wá, tó wá kú lórí àgbélébùú. Ẹ dá a lóhùn, Bàbá Bridget."

Ó sunkún. "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbogbo èèyàn ni mo lé lọ. Ìwọ má bá wọn lọ."

Ibà lọ, ọtí náà lọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ, Sarah ò tíì padà, yàrá yẹn ṣì dákẹ́ nírọ̀lẹ́. Àmọ́ ó ń gbàdúrà níbẹ̀, ó sì ní Ẹnì kan ń gbọ́.

Ìwọ ńkọ́? Bóyá o ò tiẹ̀ mutí. Bóyá àárín èrò àdúgbò Kabawa lo wà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ inú rẹ. Ẹ̀ṣẹ̀ ló ń gbé èèyàn jìnnà bẹ́ẹ̀. Má sọ pé ó dọ̀la; ta ló fi ọ̀la hàn ọ́? Níbi tó o jókòó sí yẹn, ronú pìwà dà. Sọ fún Jésù pé: Olúwa, wọlé.