Síìpù Ẹ̀yìn Aṣọ Ọ̀gá Ọkọ̀

Èmi ni mo rán síìpù náà sí ẹ̀yìn aṣọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́, kí ẹ má baà máa wá ọ̀daràn káàkiri. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ránṣọ. Ojú mi ò fọ́, ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Orí mi ni kò pé lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ mi obìnrin sáré wọ ṣọ́ọ̀bù mi, àpò ìwé ń gbá a nídìí. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Mo jókòó sídìí ọ̀kan, aṣọ bo mẹ́ta yòókù, eruku sì bo aṣọ.

"Màmá, tíṣà sáyẹ́ǹsì ti fi mí ṣe ọ̀gá ọkọ̀."

Tíṣà wọn ń kọ́ wọn bí àwọn tó ń rìnrìn àjò lọ sójú sánmà ṣe ń pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Ó fi páálí kan ọkọ̀ sínú kíláàsì, ó wá yan ọmọ mẹ́rin: ọ̀gá ọkọ̀, awakọ̀, ẹnjiníà tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe, àti ẹni tí yóò máa mójú tó aṣọ àti atẹ́gùn tí wọ́n ń mí. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni yóò díje. Àwọn mẹ́rin tó bá borí yóò lo ọ̀sẹ̀ kan ní ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn arìnrìn-àjò sánmà gidi.

"Ta ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ aṣọ?" ni mo bi í.

"Jẹ́jẹ́ ni." Ó yínmú.

Jẹ́jẹ́ ni ìnagijẹ ọmọbìnrin kan tí kì í kánjú rárá. Bó bá fẹ́ jókòó, á kọ́kọ́ wo àga náà yíká.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn mi fi ń mì bí omi inú garawa. "Afọṣọ ojú sánmà," ni mo wí. "Má bá a ṣe ẹgbẹ́. Ọ̀gá kì í bá ọmọ iṣẹ́ gbìmọ̀. Èmi ò bá àwọn tèmi gbìmọ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù yìí."

Ọ̀rọ̀ rírùn gbáà. Mo sì sọ ọ́ bí ẹni ń pa òwe.

Ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn mẹ́ta tó kù ní aṣọ iṣẹ́ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ní síìpù níwájú. Ṣé irú ìyẹn ni ọmọ tèmi yóò wọ̀? Mo gé kọ́tìnnì kan tó ń dán bíi fàdákà, mo rán ìràwọ̀ ńlá sí àyà rẹ̀. Síìpù á la ìràwọ̀ mi sí méjì tí mo bá fi síwájú, ni mo bá gbé e sẹ́yìn.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Jẹ́jẹ́ wá yẹ aṣọ náà wò. Ó kí mi dáadáa, ó yí aṣọ náà síwá sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé síìpù yìí síwájú. Tí agogo bá dún pé atẹ́gùn ń jò, ìṣẹ́jú méjì péré la ní láti wọṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó ẹ̀yìn. Tí ẹnì kan ò bá sì rí tiẹ̀ wọ̀ tán, gbogbo wa la kú."

"Ìwọ tí o ò tíì lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Ẹ bá wa so okùn gígùn mọ́ ọn nígbà náà, kó lè fà á fúnra rẹ̀."

"Ìrù lo fẹ́ kí n so mọ́ ọ̀gá?"

Ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Gbọ́ tìẹ, jàre. Ta ló rán ọ wá yẹ aṣọ mi wò?"

"Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi nìyẹn," ni Jẹ́jẹ́ wí, ó sì lọ.

Tíṣà ní kí wọ́n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọṣọ ní méjì-méjì. Ọ̀gá wa kọ̀. Ó fi gbogbo àkókò náà kọ́ àwọn mẹ́ta bí wọn yóò ṣe máa dáhùn pé "Ó dáa, ọ̀gá."

Lọ́jọ́ ìdíje, iwájú ni mo jókòó sí, mo gúnwà bí ìyá ìyàwó. Awakọ̀ wa ò ṣìnà, ẹnjiníà wa tún gbogbo ohun tí wọ́n bà jẹ́ fún un ṣe. Ni agogo bá dún. Kí a tó ṣẹ́jú, àwọn mẹ́ta ti wọṣọ tán. Ọ̀gá ń yí po lójú kan bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀, ìrù tí mo kọ̀ láti so.

Jẹ́jẹ́ dìde lọ bá a. "Yí ẹ̀yìn sí mi."

"Padà sáyè rẹ. Èmi ni ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Yí ẹ̀yìn sí mi."

"Mo ní kí o padà."

Ìgbà tó fi máa yí ẹ̀yìn, síìpù ò tíì kọjá ìbàdí tí fèrè fi dún pé ìṣẹ́jú méjì ti pé. Àwọn mẹ́rin kú sínú páálí.

"Kì í ṣe síìpù ló pa yín," ni tíṣà wí. "A fàyè gbà yín pé kí ẹ ran ara yín lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọ̀gá ni kó gbọ́ ẹnu mẹ́ta kó tó la tiẹ̀."

Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló lọ sí ibùdó. Jẹ́jẹ́, tó ti lẹ àwòrán ibùdó yẹn mọ́ ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ láti ọdún méjì, rọra bọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì ká a dáadáa. Àwọn ọmọ kíláàsì sì sọ ọmọ ọmọ mi ní Ọ̀gá Ìdajì Síìpù. Orúkọ náà bá a mu.

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá fi yín jẹ ọ̀gá, oyè kì í mú apá gùn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ti ọ̀gá náà ò sì tó ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹni tí ẹ ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí yín wà. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí mo ń wàásù? Arúgbó tó fi ìràwọ̀ kọ́tìnnì pa ọmọ mẹ́rin.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọmọ mi mú Jẹ́jẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ń tú síìpù náà lọ́wọ́.

"Jẹ́jẹ́, má bínú," ni ọmọ ọmọ mi wí, ojú ń wo ilẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Ibùdó ni kò ní gbọ́."

Èmi náà ní kó má bínú sí mi, kó wá ibì kan jókòó. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo àga rẹ̀ yíká, ó rọra ṣí aṣọ tó bò ó, eruku sọ. Ó wo ẹ̀rọ kejì, ó wo ẹ̀kẹta.

"Màmá," ló wí, "àwọn mẹ́ta tó ń jókòó síbí tẹ́lẹ̀ dà?"